Bí a bá ra ẹ̀rọ tó dáa jù, ṣé àìdánilójú Heisenberg á tán? Ẹ gbà mí o

Tíṣà_ÒkèÀró

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní ilé-ìwé kan níhìn-ín ní Àkúrẹ́. Lọ́sẹ̀ yìí la dé orí ìlànà àìdánilójú ti Heisenberg. Mo kọ ọ́ sójú pátákó bó ṣe wà nínú ìwé: a kò lè mọ ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì wà, ká sì tún mọ momentum rẹ̀ (ìyẹn wíwúwo rẹ̀ ní ìlọ́po ìyára rẹ̀), kí méjèèjì pé pérépéré lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, nawọ́. Ó ní, "Sà, ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ni kò dáa. Bí wọ́n bá ra èyí tó dáa jù lónìí ńkọ́?" Mo ní kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é. Ó ní kí ló dé. Aago lù, mo ní màá mú èsì bọ̀.

Fọ́múlà kọ́ ni mò ń wá. Àlàyé tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún máa gbọ́, tí kò sì ní jẹ́ irọ́, ni mo fẹ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀, kó bá mi dá sí i.

Bọ̀ọ̀dá_Ìjàpọ̀

Tíṣà, èyí ò le rárá. Kí ẹ tó rí nǹkan, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nì kéré débi pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, á ta á dànù. Ẹ rí ibi tó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti yà kúrò lọ́nà tó ń lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, ó sì yé wa.

Olóyèmekùn01

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán. Ó kù ká pa ilé dé.

Ẹ̀gbọ́n_SouthGate

Ẹ má tíì pa á dé o. Àlàyé Bọ̀ọ̀dá Ìjàpọ̀ ti pẹ́ láyé, Heisenberg fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ lò ó. Nínú ìwé tó kọ ní 1927, nígbà tó wà lọ́dọ̀ Niels Bohr ní Copenhagen, ó ní ká fọkàn yàwòrán máíkírósíkóòpù kan tó ń fi ìtànṣán gamma wo ẹ̀lẹ́kítírọ́nì. Bohr ò gbà fún un bó ṣe là á sílẹ̀. Ó ní bí ojú lẹ́ńsì máíkírósíkóòpù náà ṣe fẹ̀ tó kò gbọ́dọ̀ yọ sílẹ̀ nínú ìṣirò. Wọ́n jiyàn gan-an, Heisenberg sì fi àfikún sí ìparí ìwé náà kó tó jáde.

Ṣùgbọ́n Δx·Δp ≥ ħ/2 tó wà nínú ìwé ilé-ìwé lónìí (ħ jẹ́ nọ́ńbà kékeré kan tí kì í yí padà) kò ti inú máíkírósíkóòpù yẹn jáde. Earle Kennard ló fi ìṣirò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1927 kan náà. Ẹ yẹ ìṣirò rẹ̀ wò látòkè délẹ̀: kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí ìmọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó ń wo ohunkóhun.

Tíṣà, ohun tí èmi máa sọ fún ọmọ yẹn rèé. Ká ní a ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nì ẹgbẹ̀rún méjì, tí a ṣètò gbogbo wọn bákan náà gẹ́lẹ́. A pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ẹgbẹ̀rún kan, ibi tí wọ́n wà nìkan la wọ̀n, ẹ̀rọ tó péye jù láyé la sì fi wọ̀n ọ́n. Ẹgbẹ̀rún kejì, momentum wọn nìkan la wọ̀n, ẹ̀rọ tó péye jù náà ni. Kò sí ẹyọ kan tí a fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá kọ èsì sílẹ̀. Ibi tí a ti rí àwọn àkọ́kọ́ á fọ́n ká, kò ní jẹ́ ojú kan. Momentum àwọn kejì náà á fọ́n ká. Bí ìfọ́nká kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó ni à ń pè ní Δx àti Δp. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, kò ní kéré sí ħ/2 láé. Ta ló wá ta ta dànù níbẹ̀? Àwọn tí a wọn momentum wọn, ẹnikẹ́ni ò wo ibi tí wọ́n wà rí.

Ohun tí ọmọ yẹn rò ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́nì ti ní ibi kan pàtó àti momentum kan pàtó nínú àpò, àwa ni ẹ̀rọ wa ò lè yọ méjèèjì jáde. Kò ní méjèèjì pa pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. (Àwọn kan ń tẹ̀lé David Bohm tí wọ́n ń sọ ọ́ gba ibòmíràn, fọ́múlà náà ò sì yí padà lọ́wọ́ tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ìyẹn wọ SS3.)

Bọ̀ọ̀dá_Ìjàpọ̀

Ṣé ẹ wá ń sọ pé wíwọ̀n kì í da nǹkan rú? Èyí o, mi ò gbà.

Ẹ̀gbọ́n_SouthGate

Ó ń dà á rú, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò jiyàn. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àkọ́kọ́ ni bí nǹkan ṣe fọ́n ká fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀, ti Kennard nìyẹn. Èkejì ni bí ẹ̀rọ wa ṣe ń tì í kiri. Masanao Ozawa ní Japan ṣe ìṣirò mìíràn fún èkejì yìí ní 2003. Ní 2012, àwọn kan ní Toronto fi ìmọ́lẹ̀ dán an wò, àwọn mìíràn ní Vienna fi niútírọ́ọ̀nù dán an wò, wọ́n sì rí i pé ìdàrú náà lè kéré ju iye tí ìtàn máíkírósíkóòpù yẹn ní kó jẹ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn fà á lórí bó ṣe yẹ ká wọn ìdàrú. Ti Kennard ò yẹ̀ ní tiẹ̀. Bí a bá wá gbé èkejì fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìdí àkọ́kọ́, ó tọ̀nà kó ní ká lọ ra ẹ̀rọ tí kì í ti nǹkan púpọ̀.

Saúǹdì_Ìsọ̀lọ̀

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mi ò ka Físíìsì kọjá WAEC dá sí i. Mo ń ṣe saúǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ yìí, ojoojúmọ́ là ń rí i.

Ẹ wa áàpù tí àwọn onígìtá fi ń tún okùn ṣe sórí fóònù. Ẹ fun fèrè kan, kí ẹ fà á gùn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Abẹ́rẹ́ inú áàpù náà á dúró sójú kan ṣinṣin. Ẹ wá fi kọ̀ǹgọ́ lu gángan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pá!, kí ẹ sì fi ọwọ́ pa awọ rẹ̀ mọ́ kíá kó má lè hó mọ́. Abẹ́rẹ́ á kàn máa ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún, kò ní mọ ohùn tí yóò pè é. Ẹ lọ ra áàpù olówó ńlá, kò ní mọ̀ ọ́n náà.

Ìdí ni pé iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ohùn. Ohùn 440 Hz tó dún fún ìṣẹ́jú àáyá méjì ti gbọ̀n ní ìgbà 880, ó ti fi ara rẹ̀ hàn, àṣìṣe ibẹ̀ kò ju bí ìdajì Hz. Èyí tó dún fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kò gbọ̀n ju ìgbà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ kó tó dákẹ́. Ohùn rẹ̀ á fẹ̀ tó 100 Hz sókè, 100 Hz sódò. Áàpù ò jẹ̀bi o. Ìró kúkúrú yẹn gan-an ni kò ní ohùn kan.

Ìyá_Ìbejì_Alágbàká

Saúǹdì, ẹ ṣeun jàre. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó yé mi.

Ẹ̀gbọ́n_SouthGate

Ẹ kú iṣẹ́, Saúǹdì. Ìṣirò ohùn yẹn àti ìṣirò ẹ̀lẹ́kítírọ́nì, ọ̀kan náà ni, Joseph Fourier ará Faransé ló sì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí ooru ní 1822. Ní 1924, Louis de Broglie ní gbogbo ohun tó ń rìn ló ní ìgbì tirẹ̀, gígùn ìgbì náà sì ni h (nọ́ńbà tí ħ ti jáde) tí a fi momentum pín. Davisson àti Germer rí i ní 1927 ní Amẹ́ríkà: wọ́n ta ẹ̀lẹ́kítírọ́nì lu níkẹ́ẹ̀lì, ó tú ká gẹ́gẹ́ bí ìgbì ṣe ń tú ká.

Tíṣà, ẹ so ó pọ̀ báyìí. Momentum kan pàtó túmọ̀ sí gígùn ìgbì kan pàtó, kí gígùn ìgbì tó hàn, ìgbì náà gbọ́dọ̀ nà lọ rẹrẹ. Ṣùgbọ́n ìgbì tó nà lọ rẹrẹ kò sí níbì kan pàtó. Bí ẹ bá há a mọ́ àyè kékeré kí ẹ lè ní "ó wà níbí", kò ráyè gbọ̀n tó kí gígùn rẹ̀ hàn. Kò sí ìgbì tó lè kúrú kó tún gùn. Ohun kan ṣoṣo tí kúáńtọ́ọ̀mù (físíìsì àwọn nǹkan tó kéré bí átọ́ọ̀mù) fi kún ti Fourier ni h, tó so ìgbì mọ́ momentum.

Tíṣà_ÒkèÀró

Ó ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọmọ mi. Ìbéèrè tó kàn ni pé bí gbogbo nǹkan bá ní ìgbì, kí ló dé tí bọ́ọ̀lù kì í fọ́n ká lórí pápá, tí gólì fi ń mú un?

Ìyá_Ìbejì_Alágbàká

Akáúńtáǹtì ni mí, ẹ gbé nọ́ńbà fún mi. ħ tí Ẹ̀gbọ́n lò jẹ́ nǹkan bí 1.05 × 10⁻³⁴, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 5.3 × 10⁻³⁵. Bọ́ọ̀lù wúwo tó 0.43 kg. Mo ní ká mọ ibi tó wà dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, ìyẹn gan-an ti le jù fún gólì èyíkéyìí. Mo fi wíwúwo àti àyè yẹn pín in. Ìfọ́nká tí ìlànà yìí ń béèrè lára ìyára rẹ̀ jẹ́ 1.2 × 10⁻²⁸ mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan tó bá ń fi ìyára yẹn rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé, bílíọ̀nù ọdún 13.8 sẹ́yìn, kò tíì rìn tó fífẹ̀ átọ́ọ̀mù kan títí di òní.

Ẹ wá wo ẹ̀lẹ́kítírọ́nì. Ó wúwo tó 9.11 × 10⁻³¹ kg, inú átọ́ọ̀mù tí a há a mọ́ sì fẹ̀ tó nǹkan bí 10⁻¹⁰ mítà. Ìyára rẹ̀ á fọ́n tó 580 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó kéré tán. Láti Àkúrẹ́ dé Èkó, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ padà délé, kí ẹ tó ṣẹ́jú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì torí mi ò gba ara mi gbọ́. Fọ́múlà kan náà ni o, wíwúwo ló yàtọ̀.

Alàgbà_Arákàlẹ̀

Gbogbo èyí kàn fi hàn pé Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun gbogbo. Kò sí ohun tó dájú láyé.

Ìyá_Ìbejì_Alágbàká

Àmín, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá kọ ìyẹn sínú ìdánwò, òdo ló máa gbé wálé.

Ẹ̀gbọ́n_SouthGate

Bàbá, a dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ "kò sí ohun tó dájú" yẹn nìkan ni mi ò ní jẹ́ kó kọjá, torí orí ẹ̀rọ ayélujára ló kún. Ìlànà yìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Agbára tí ẹ máa fi yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́nì kúrò lára háídírójìn jẹ́ 13.6 eV (òṣùwọ̀n agbára fún nǹkan kéékèèké bí átọ́ọ̀mù), lónìí, lọ́la, l'Ákùúrẹ́, ní Jámánì. Kúáńtọ́ọ̀mù ló fún wa ní nọ́ńbà yẹn. Àwọn nǹkan méjì-méjì kan ni kò lè péye pa pọ̀, kì í ṣe gbogbo nǹkan.

Kí n fi ìṣirò kan lé ti Mummy, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi nígbà tí mo wà ní ọdún kejì. Pírótọ́ọ̀nù tó wà ní àárín átọ́ọ̀mù (núkílíọ́ọ̀sì) ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́nì. Kí ló dé tí kò já sínú núkílíọ́ọ̀sì? Ẹ há a mọ́ ibẹ̀, 10⁻¹⁵ mítà. Momentum rẹ̀ á fọ́n débi pé agbára rẹ̀ á tó nǹkan bí 100 MeV (MeV kan jẹ́ mílíọ̀nù kan eV). Agbára tí pírótọ́ọ̀nù fi lè dì í mú níbẹ̀ kò ju bí 1.44 MeV. Kò lè dúró. Ìdí tí átọ́ọ̀mù fi ní ìbú nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń fi máíkírósíkóòpù wò ó.

Hílíọ́ọ̀mù náà rèé. Ẹ mú un tutù bó ti wù kó tutù tó, kò ní dì láìjẹ́ pé ẹ fi nǹkan bí ìlọ́po 25 agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá tẹ̀ ẹ́. Átọ́ọ̀mù rẹ̀ fúyẹ́, wọn kì í sì í fa ara wọn gan-an. Bí ẹ bá ní kí kálukú dúró sójú kan, gbígbọ̀n tó pọn dandan fún wọn ti tó láti tú wọn ká. Bọ̀ọ̀dá Ìjàpọ̀, ìmọ́lẹ̀ wo ló ń ta wọ́n níbẹ̀?

Bọ̀ọ̀dá_Ìjàpọ̀

Mo ń kà á. Mi ò tíì sọ̀rọ̀.

Onílẹ́sìn_NorthGate

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ìdánwò díẹ̀, nítorí ibẹ̀ làwọn ọmọ ń lọ. Ìwé kan á kọ h/4π, òmíràn h/2π, òmíràn h lásán, àwọn ọmọ á wá máa jà. ħ/2 àti h/4π, ohun kan náà ni, torí h/2π là ń pè ní ħ. Ìwé tó kọ h tàbí ħ lásán ń díwọ̀n ni, Heisenberg náà díwọ̀n ní tiẹ̀. Kí wọ́n lo èyí tí ìbéèrè bá gbé fún wọn, kí wọ́n sì kọ ≥, kì í ṣe =. Ọmọ tó bá kọ "a kò lè mọ ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nì wà", ẹ fagi lé e. A lè mọ ibi tó wà bó ti wù wá. Méjèèjì pa pọ̀ ni kò ṣeé ṣe.

Olóyèmekùn01

Ti agbára àti àkókò ńkọ́, ΔE·Δt?

Ẹ̀gbọ́n_SouthGate

Ẹ fi í sílẹ̀ fún yunifásítì. Ó jọ ti àkọ́kọ́ lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀lẹ́kítírọ́nì kì í ní "àkókò" bó ṣe ń ní ibi tó wà. Mandelstam àti Tamm ló fún Δt ní ìtumọ̀ tó dúró ní 1945: bó ṣe máa pẹ́ tó kí nǹkan kan lára rẹ̀ tó yí padà lọ́nà tó hàn gbangba.

Onífọ́tò_ỌjàỌba

Ẹ ti sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ò fi nǹkan kan han ọmọ náà. Àwa onífọ́tò mọ èyí tipẹ́: bí a bá dín ojú lẹ́ńsì kù jù, dé f/22, àwòrán tó yẹ kó mú á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ihò tó kéré jù ló ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Tíṣà, ẹ lè ṣe é ní kíláàsì.

Ẹ ra léésà pupa tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, èyí tí wọ́n kọ 650 nm sí lára. Ẹ mú abẹ fẹ́lẹ́ méjì, kí ẹ lẹ̀ ọ̀kan mọ́ káàdì líle tí ẹ ti dá ihò sí láàárín. Ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ ìwé títẹ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe fọ́tókópì, ti ojú abẹ náà, ẹ sún abẹ kejì mọ́ ọn, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ wá rọra fa ìwé yọ. Àlàfo tó kù fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ẹ so léésà mọ́ nǹkan kó má mì, kí ẹ tan án gba inú àlàfo náà sára ògiri tó jìnnà tó mítà mẹ́ta. Kò ní jẹ́ àmì tóótóó mọ́. Ẹ máa rí ìlà ìmọ́lẹ̀ kan láàárín tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, àwọn kéékèèké á tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀.

Ẹ wá sún abẹ méjèèjì mọ́ra kí àlàfo dín kù sí ìdajì. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì rí i rí á sọ pé ìmọ́lẹ̀ á tín-ín-rín. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ló máa di. Ẹ dín àyè rẹ̀ kù, ó fẹ̀. Ẹ ò nílò iná, òkùnkùn gan-an ló dáa fún un. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fojú wo inú léésà, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sì fọwọ́ kan abẹ.

Ẹ̀gbọ́n_SouthGate

Èyí ló jù. Àlàfo ni Δx, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe yà sọ́tùn-ún sósì ni Δp. Bí ọmọ yẹn bá tún ní ká ra ẹ̀rọ, ẹ ní kó ra abẹ tó dáa jù láyé, kó wá fi há ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ kó má fẹ̀.

Tíṣà_ÒkèÀró

Mo ti ṣe é o! A fi kọ́tìnì àti páálí dí fèrèsé. Nígbà tí ìlà náà fẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ariwo sọ débi pé tíṣà kíláàsì kejì yọjú. Mo ní kí wọ́n wọn ìlà náà pẹ̀lú rúlà, ó sún mọ́ iye tí Onífọ́tò sọ.

Ọmọbìnrin kan wá ní: kí ló dé tó fi fẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì nìkan, tí kò fẹ̀ sókè sódò? Mo ní mo mọ ibi tí màá ti béèrè.

Ẹ̀gbọ́n_SouthGate

Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì ò béèrè é. Àlàfo yín dúró lóòró, ọ̀tún àti òsì nìkan lẹ há ìmọ́lẹ̀ mọ́, sókè sódò ṣì ní àyè rẹpẹtẹ. Ibi tó wà sọ́tùn-ún sósì, momentum ọ̀tún-òsì nìkan ló bá tan. Kò sí ohun tó dè é mọ́ momentum òkè-ódò, ìyẹn méjèèjì lè péye pa pọ̀ bó ti wù wọ́n. Ẹ yí káàdì náà kí àlàfo rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ ní kí ọmọbìnrin yẹn kọ́kọ́ sọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan léésà.

Onífọ́tò_ỌjàỌba

Kẹ́ ẹ sì ra bátìrì tuntun sí i. Èyí tó máa ń wà nínú rẹ̀ látilé kì í pẹ́.